Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Dúdú

Bí o bá wọ ilé kan ní Manigri, lẹ́bàá Bassila ní ilẹ̀ Benin, tí o rí àpótí ìjókòó, tábìlì tàbí ibùsùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, má wulẹ̀ béèrè ẹni tó kàn án. Rafiou ni. Ọkùnrin náà kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbé pátákó síta. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti kajú ló ń gbìn bíi gbogbo ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ oko bá ti dín kù, á mú ayùn àti òòlù rẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìnkùlé, á sì máa kan ohun tí àwọn ará àdúgbò bá bẹ̀ ẹ́ sí.

Epo èèpo kajú ló ń sọ ẹsẹ̀ àga rẹ̀ di dúdú. Ẹni tó bá ti yan kajú rí mọ epo náà. Bí iná bá ti ran èèpo, epo dúdú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde, ó ki, èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ó sì ń bó ọwọ́ bí omi gbígbóná. Awọ tó bá kàn á, á dúdú, á wú, á sì ṣí kúrò kó tó jinná. Nítorí rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń fi eérú pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọ́ kajú. Àmọ́ ikán kì í sún mọ́ igi tí epo yìí bá wà lára rẹ̀, ilẹ̀ Manigri sì rèé, ilẹ̀ ikán ni. O lè gbé àpótí sílẹ̀ lónìí, kó o bá ìyẹ̀pẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́túnla. Bàbá Rafiou ló kọ́ ọ pé igi tí a kò bá fi epo kajú kùn lẹ́sẹ̀, oúnjẹ ikán la kàn. Láti ìgbà náà, Rafiou kò kan nǹkan kan rí kó má kùn ún lẹ́sẹ̀. Ó kun ẹsẹ̀ ibùsùn ìgbéyàwó tirẹ̀ pàápàá, tó fi jẹ́ pé Bassirath, ìyàwó tuntun, ní láti máa fò sọ̀kalẹ̀ bí ewúrẹ́ kí epo má bàa kàn án lẹ́sẹ̀.

Orúkọ tí iṣẹ́ yìí fún un dùn mọ́ ọn ju èrè rẹ̀ lọ. "Ohun tí Rafiou bá kàn kì í mì," ni àwọn èèyàn máa ń wí. Ó gbọ́ ọ títí ó fi ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ṣùgbọ́n Rafiou ń gbé tirẹ̀ kiri bí ẹni gbé ẹyin, kò sì sí ẹni tó gbé ẹyin dání tó lè fi ọwọ́ náà ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe rí.

Habibatou ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Bassila, ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń wálé bí ìsinmi bá dé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣàfojúdi. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn kàn án pé Habibatou ń bá àwọn ọkùnrin díje ní yàrá géèmù kan ní Bassila, Rafiou kọ́kọ́ rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Ọmọ tirẹ̀ náà ni. Obìnrin kan wà ní Bassila tó ń jẹ́ Salamatou, ọmọ ẹ̀yà Anii tó gbọ́ èdè wa yékéyéké, tí gbogbo ọ̀dọ́ ń pè ní Tàńtí. Òun ló ṣí yàrá géèmù kan sẹ́yìn ọjà. Ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó ra fólàǹ, ìyẹn ohun roboto tí awakọ̀ fi ń yí ọkọ̀, ó sì ra pédàlì méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọ̀kan fún eré sísá, èkejì fún ìdádúró. Ẹni tó bá jókòó síwájú wọn á rí títì nínú tẹlifíṣọ̀n, á máa wa ọkọ̀ bí ẹni ń wa ọkọ̀ gidi. Aṣọ ni Habibatou gbé lọ fún Tàńtí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Tàńtí ní kó jókòó kó dán an wò, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, eruku rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń jẹ, bí ọkọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n bá ní eruku.

Ojú ti Rafiou, kò sì fi pamọ́. Òun tó ń kírun ní ìlà iwájú, ọmọ òun obìnrin ló ń wa ọkọ̀ irọ́ láàárín àwọn géńdé tó ń pariwo! Ó lọ bá Bassirath níbi tó ti ń ṣa kajú, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ géèmù nínú ilé òun.

"Bàbá Habibatou, ṣé ọmọ náà jalè ni?" ni Bassirath bi í.

"N kò ní ó jalè."

"Ṣé ó sá níbi iṣẹ́?"

"Mo ní ojú ń tì mí!"

"Ojú ń tì yín nítorí pé ẹ kò tíì rí i. Ẹ lọ wò ó ná, kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tó ń tì yín lójú."

Rafiou kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Habibatou wálé ní ìparí ìkórè kajú, tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń dún lókè, ọmọ náà kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, kò sì dìde. Rafiou mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀.

"Bàbá, kóńkúù kan, ìdíje ọkọ̀ wíwà, ń bọ̀ lọ́dọ̀ Tàńtí. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni wọ́n máa mú lọ sí Parakou láti lọ ṣojú Bassila. N kò tíì dé Parakou rí. Mo lè gbà á, Bàbá. Àga ni kò jẹ́."

"Àga kí ni?"

"Àga rọ́bà ni à ń jókòó lé níbẹ̀. Tí mo bá ti tẹ fírẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè dúró, àga á yọ̀ lọ sẹ́yìn, ọwọ́ mi á kúrò lára fólàǹ, ọkọ̀ á sì wọgbó. Àwọn ọkùnrin wúwo jù mí lọ, kì í bá wọn lọ bẹ́ẹ̀. Tàńtí ní ẹni tó bá ní àga tirẹ̀ lè gbé e wá. Mo wá ronú pé, ṣebí bàbá mi wà. Ohun tí bàbá mi bá kàn kì í mì."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú un. Bí ẹ bá fẹ́ kí Rafiou gun igi láìní okùn, ẹ kàn sọ gbólóhùn yẹn fún un ni. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó wo òkè, ó ní kó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, Bàbá, kí ẹ rí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, kí ẹ sì rí ibi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ sí."

"Kí n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé géèmù kí ará Bassila máa wò mí? Mo ti ń kan àga kí wọ́n tó bí ọ. Àga ni àga ń jẹ́."

Báyìí ni Rafiou ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan àga fún ibi tí kò dé rí. Iṣẹ́ náà dára, a kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan létí títì, níbi tí ọkọ̀ èrò kan ti jókòó títí koríko fi hù láàárín ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó tọrọ ìjókòó iwájú rẹ̀. Ó fi igi ìrókò tó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀kùn kan ṣe ìdí fún un, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó apá ọkùnrin. Habibatou gba ìwọ̀n lára rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ aláwọ̀ pupa àti búlúù rán ìbòrí tuntun sí i. Bàbá ń kàn, ọmọ ń rán, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún ọ̀kan tàbí tí òòlù bá jẹ èkejì lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí Rafiou ti gbádùn ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó parí, ó gbé àga náà sí àárín àgbàlá, ó ní kí Bassirath jókòó sórí rẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé odó ńlá, kó sì tì í pẹ̀lú gbogbo agbára. Bassirath ti odó. Odó yẹ̀, àga kò yẹ̀. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀ pé ẹsẹ̀ àga ti wọ inú erùpẹ̀ díẹ̀, bí ẹsẹ̀ àga ṣe ń ṣe nínú gbogbo àgbàlá Manigri.

Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni Rafiou wọlé lọ gbé ìkòkò epo kajú jáde.

"Bàbá," ni Habibatou wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "káró ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó funfun báláú, ó ń dán bí àwo tánganran. Kò sí ikán níbẹ̀."

"Ilé tí ikán kò sí lónìí, ó lè débẹ̀ lọ́la."

"Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní tètè gbẹ."

"Ta ló ń kan àga nínú èmi àti ìwọ?"

Rafiou kun ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kun ìsàlẹ̀ wọn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó tún kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè dùn ún wò. Epo ta sí i lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ta sí i. Orí ìka rẹ̀ dúdú, awọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kò kà á sí. Gbogbo ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Manigri mọ̀ pé ọwọ́ Rafiou tó bá bó, àga tuntun ti dé ìlú nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kóńkúù, wọ́n gbé àga sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù, Rafiou sì bá a lọ. Òun tó ní òun kò fẹ́ kí ará Bassila rí òun, aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ ló wọ̀, fìlà rẹ̀ sì jókòó dáadáa lórí. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè pé ta ló kàn án.

Yàrá Tàńtí Salamatou kún. Káró ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Rafiou fi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wọ mọ́sáláṣí. Tàńtí kí i pé, "Bàbá Habibatou, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó," ó sì yára lọ bá àwọn tó ń pè é. Nígbà tí wọ́n gbé àga wọlé, ariwo sọ. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ rẹ̀, wọ́n gbọn ẹ̀yìn rẹ̀, kò mì. Rafiou dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, ó ń dúró de ìbéèrè rẹ̀.

Ẹni kọ̀ọ̀kan máa wakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì pa àkókò méjèèjì pọ̀. Najeem ló kọ́kọ́ wà á, ọmọkùnrin sàngbọ̀n-ràngbọ̀n kan tó ń kọ́ iṣẹ́ alùpùpù títúnṣe, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ṣe dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Habibatou. Ó jókòó sórí àga pupa àti búlúù, ó wo ẹ̀yìn, ó rí bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ọkọ̀ gbéra. Ó sáré lọ gbọnrangandan títí dé ibi tí títì ti yí. Habibatou tẹ fírẹ̀ẹ́.

Àga náà kò mì lóòótọ́. Ó yọ̀ ni. Epo tí kò tíì gbẹ pàdé káró tó ń dán, àga àti ọmọ tó wà lórí rẹ̀ sì fà sẹ́yìn ṣìì, ọwọ́ Habibatou kúrò lára fólàǹ, ọkọ̀ wọgbó, ó gbókìtì, ó dojú délẹ̀. Habibatou fi ẹsẹ̀ fa àga padà, ó tún gbìyànjú, ó tún fà sẹ́yìn. Nígbà tó fi dé òpin, Najeem ti yára jù ú lọ jìnnà.

"Habibatou," ni Najeem pariwo, "ṣé Manigri lò ń fi ẹ̀yìn rìn padà sí ni?"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Tàńtí rí ilẹ̀. Ìlà dúdú gbọọrọ ti wà lórí káró funfun rẹ̀, láti iwájú tẹlifíṣọ̀n títí dé àárín yàrá.

"Yéè! Káró mi! Kí nìyí? Epo kajú? Ta ló ń fi epo kajú kun ẹsẹ̀ àga inú ilé? Irú gbẹ́nàgbẹ́nà wo nìyẹn?"

Ìbéèrè tí Rafiou ti ń dúró dè ló dé yìí. Habibatou yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Tàńtí, bàbá m—"

"Ọjà la ti rà á," ni Rafiou já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn náà jáde kó tó mọ̀ pé tòun ni. "Gbẹ́nàgbẹ́nà kan báyìí ni. Èmi kàn bá a gbé e wá ni." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti wọ àpò aṣọ rẹ̀, pẹ̀lú ìka dúdú tó ń bó.

Habibatou wò ó. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ká ní ó bínú ni, Rafiou ìbá rí nǹkan dì mú. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà tí kò rí i mọ́, ó sì tẹrí ba.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tàńtí," ló wí. "Ọjà ni."

Rafiou jáde. Igi máńgòrò kan wà níwájú ilé náà, ó lọ dúró sábẹ́ rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ló sọ fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ta ló kú? Ẹ̀sín náà kò sì lọ, ọrùn ọmọ ló gbé e kọ́. Èyí tó wá bà á nínú jẹ́ jù ni nǹkan kan tó ti pẹ́. Nígbà tí Habibatou wà ní kékeré, ó fọ́ ìkòkò omi ìyá arúgbó kan ní ìtòsí wọn, ó sá wálé, ó sá sábẹ́ ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú yẹn. Rafiou ló fà á jáde, òun ló mú un lọ́wọ́ lọ síwájú ìyá náà. "Sọ pé ìwọ ni," ló sọ fún un, "ẹni tó ṣe nǹkan ló ń sọ pé òun ni." Ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ń sunkún, ó sọ ọ́. Lónìí, ọmọ yẹn kan náà ló fẹ́ sọ òótọ́, bàbá rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ojú ti Rafiou débi pé ká ní ilẹ̀ lanu, ìbá bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀.

Ó lè wá sẹ́mì, alùpùpù akérò, kó máa lọ sílé. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ó wo ojú fèrèsé, ó rí Habibatou níbi tó ti dojú àga dé, tó ń fi ọ̀bẹ ha epo kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi dì í mú. Ọmọ aránṣọ! Bí ìka rẹ̀ bá bó, báwo ló ṣe máa di abẹ́rẹ́ mú?

Eré ni Rafiou sá. Ó tọrọ eérú lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ó tọrọ rọ́bà inú táyà tó ti já, ó sì yá òòlù àti ìṣó lọ́wọ́ ọ̀gá Najeem, ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ ti àga.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò," ló wí jẹ́jẹ́. "Lọ fi eérú pa á, kó o fọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Habibatou dáhùn.

Rafiou da eérú sí ẹsẹ̀ àga, ó fi àkísà nù ún, ó tún da òmíràn sí i, títí eérú fi ń jábọ́ ní gbígbẹ. Ó gé rọ́bà, ó fi wé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kàn án mọ́ ọn. Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí pédàlì fún ìgbà àkọ́kọ́. Pákó kékeré kan ni wọ́n gbé e lé, òun náà dá wà lọ́tọ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rí bó ṣe le. Ó sì yé e wàrà. Ẹsẹ̀ tó ń ti pédàlì síwájú náà ló ń ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Rọ́bà nìkan kò lè tó o. Àfi kéèyàn so méjèèjì pọ̀, kí agbára kan má rí ibi sá sí. Ó wá pákó gígùn kan, ó gbé e láti abẹ́ àga lọ sí abẹ́ pédàlì, ó kàn án mọ́ àga, ó sì fi rọ́bà tó kù di pédàlì mọ́ ọn gbọingbọin. Iṣẹ́ tí kò gba àkókò rárá. Ká ní ó wá wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ọmọ bẹ̀ ẹ́, Manigri ni ìbá ti ṣe é.

"Bàbá, ẹ mà mọṣẹ́ o!" ni Tàńtí wí. "Ṣé ẹ̀yin náà máa ń kan nǹkan ni?"

"Mo máa ń wò wọ́n," ni Rafiou dáhùn. Irọ́ kejì nìyẹn, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tó kan Habibatou lẹ́ẹ̀kejì, Rafiou kò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó súnmọ́ iwájú. Ọkọ̀ gbéra, ó dé ibi tí títì ti yí, ọmọ náà fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ fírẹ̀ẹ́, àga sì dúró bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti hù. Rafiou rí ojú ọmọ rẹ̀. Ojú tó máa ń ṣe nígbà tó bá ń fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ nìyẹn, ètè rẹ̀ pa dé, kò sẹ́jú. Ó ń yí, ó ń yà, ó ń bọ́ sáàárín ọkọ̀ méjì bí omi. Rafiou kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tòun náà ti ń tẹ ilẹ̀. Ohun tí ojú fi ń tì í láti ìgbà yìí nìyí? Ohun tó dára tó báyìí?

Kò sẹ́ni tó yára tó o ní gbogbo ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti pa méjèèjì pọ̀, ti àkọ́kọ́ sì ti ba nǹkan jẹ́. Najeem ló gba ipò kìíní, Habibatou ṣe ipò kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ni Parakou ń retí.

Najeem fúnra rẹ̀ kò lè yọ̀ dáadáa. "Bí kì í bá ṣe ti epo yẹn," ló wí, "ìwọ lò ń lọ. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ó tọ́ sí ọ," ni Habibatou dá a lóhùn, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Tàńtí yí àga náà po. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti pédàlì, ó mirí. "Irú àga yìí gan-an ni mo fẹ́ kó kún yàrá yìí. Habibatou, bá mi wá gbẹ́nàgbẹ́nà ọjà yẹn. Màá gbéṣẹ́ fún un. Àmọ́ kó tó gbé òòlù, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síbí, á nu káró mi. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Rafiou wo ọmọ rẹ̀. Habibatou kò wò ó.

"N kò mọ orúkọ rẹ̀, Tàńtí," ló wí. "Mi ò rò pé mo lè rí i mọ́."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó ń bo bàbá rẹ̀ láṣọ níbi tó sùn sí. Parakou ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí bàbá yìí, òun náà ló tún ń parọ́ fún un. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Rafiou kò lọ jìnnà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Rafiou ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí àga. Ó mú eérú tó ṣẹ́kù àti àkísà, ó lọ sí ibi tí ìlà dúdú ti bẹ̀rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí káró pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Há! Bàbá, ẹ dìde!" Tàńtí sáré wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà ni yín. Ẹni tó kàn án ni kó wá nù ún."

"Òun náà ló ń nù ún yìí, Tàńtí," ni Rafiou wí.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde kí wọ́n rí i, àtẹ́lẹwọ́ àti orí ìka, dúdú, tó ń bó. Kò sí ẹni tó ti fọ́ kajú rí nínú yàrá náà tí kò mọ ohun tó rí.

"Èmi ni mo kàn án. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi nípa epo, n kò gbọ́. Ó ní kí n wá wo ilẹ̀, n kò wá. Nígbà tí ẹ béèrè, ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ni, èmi ni mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí mo sẹ́. Ojú ló tì mí. Ẹ má pè é ní òpùrọ́. Èmi ni."

Tàńtí wo Rafiou, ó wo ìlà dúdú orí káró rẹ̀. Rafiou kò gbójú sókè, ó kàn ń nù. Káró náà tutù lábẹ́ orúnkún rẹ̀, ojú ṣì ń tì í gan-an, etí rẹ̀ ń gbóná. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó jáde, ó sì rò pé Habibatou ti lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó padà. Habibatou gbé omi wá nínú korobá, ó mú àkísà kejì dání. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ní òdìkejì ìlà náà. Ó da eérú sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gba ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó da eérú sí i, ó fi pa á dáadáa, láti ọrùn ọwọ́ títí dé orí ìka tó ń bó.

"Bàbá mi ló kan àga yẹn, Tàńtí," ló wí láìgbójú sókè.

Wọ́n jọ nu ilẹ̀ náà títí oòrùn fi rọ̀. Ìlà náà kò parẹ́ tán.